Orí ló fi gbá títì, ojú ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ wò: ṣé wọ́n lè fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé ọpọlọ tó wú ti ń lọ sílẹ̀?

Aṣọ́mọ_Fìdítì

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹni tó bá mọ̀ nípa ìtọ́jú orí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn.

Ọ̀kadà ló gbé àbúrò mi ọkùnrin ṣubú. Kò dé akoto. Wọ́n ya àwòrán orí rẹ̀, CT scan, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ tó dà sínú kò tó èyí tí àwọn máa torí ẹ̀ ṣí agbárí, àmọ́ ọpọlọ ti wú. Ó wà ní ICU báyìí, yàrá àwọn tí àìsàn wọn le gan-an, wọ́n ń fa oògùn mannitol sí i lára, wọ́n gbé apá orí bẹ́ẹ̀dì sókè, wọ́n sì fún un lóògùn tó ń mú un sùn.

Ohun tó ń kọ mí lóminú nìyí. Lánàá, dókítà kan ti ẹ̀rọ síkáànì wọlé, irú èyí tí wọ́n fi ń wo aláboyún. Ó pa ojú ọmọ náà dé, ó fi jẹ́ẹ̀lì sí ìpéǹpéjú, ó gbé orí ẹ̀rọ lé tọ̀tún, ó gbé e lé tòsì, ó kọ nǹkan sílẹ̀, ó nu ojú fún un, ó bá tirẹ̀ lọ. Mo bi í, ó ní òun ń wò ó bóyá ìwúlé náà ń fà. Orí ló fi gbá títì, kì í ṣe ojú! Ìyá wa ti ń sunkún pé wọ́n ń fi ọmọ òun kọ́ṣẹ́. Mọ̀lẹ́bí wa kan tó wà lókè òkun náà tún wá ń sọ pé lọ́dọ̀ tiwọn, ṣe ni wọ́n máa ń lu ihò sí agbárí tí wọ́n á ki wáyà bọ̀ ọ́ láti fi ka ìfúnpá inú rẹ̀, pé bí wọn ò bá ti ṣe ìyẹn, wọ́n kàn ń méfò ni. Ṣé ká gbé e kúrò níbẹ̀?

Nọ́ọ̀sì_Àgbà

Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìdúró tì í. Ọlọ́run á bá wa gbé e dìde.

Ẹ má gbé e lọ síbì kankan lóru yìí o. Ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ wú, tí ẹ wá gbé sínú ọkọ̀ lórí títì oníkòtò, tí kò sí ẹni tó ń ṣọ́ èémí rẹ̀ lọ́nà, ẹ ti fi ewu kún ewu. Tó bá tiẹ̀ máa kúrò, dókítà ibẹ̀ àti dókítà ibi tó ń lọ gbọ́dọ̀ ti jọ sọ̀rọ̀.

Ẹ bá mi béèrè nǹkan mẹ́ta lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́: èló ni GCS rẹ̀ báyìí, ìyẹn máàkì tí wọ́n fi ń mọ bó ṣe ń mọ ohun tó ń lọ tó, ṣé ọmọlójú méjèèjì dọ́gba, ìtọ̀ rẹ̀ ńkọ́? Ẹ fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ béèrè. Wọ́n máa sọ fún yín.

Dókítà_Kékeré

Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi fi Màmá lọ́kàn balẹ̀. Wọn ò fi ọmọ wọn kọ́ṣẹ́. Ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ni mo wà, ohun tí ẹ rí yẹn, ojoojúmọ́ là ń ṣe é.

Agbárí àgbàlagbà kì í fẹ̀ láti gba nǹkan sí i. Ọpọlọ, ẹ̀jẹ̀, àti omi tó yí ọpọlọ ká ló jọ ń gbénú rẹ̀. Bí ọ̀kan bá pọ̀ sí i, àwọn yòókù ní láti súnra kì. Bí wọn ò bá ríbi sún mọ́, ìfúnpá á máa gòkè, ẹ̀jẹ̀ tuntun ò sì ní rí ọ̀nà wọlé dáadáa. Alexander Monro ti sọ èyí ní 1783, George Kellie tì í lẹ́yìn ní 1824, orí ọ̀rọ̀ wọn la sì ṣì wà. Lára àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le, ìfúnpá yìí kì í sábà kọjá 15 mmHg. Tó bá ti kọjá 22 tí kò sì fẹ́ sọ̀kalẹ̀, a ò ní jókòó.

Ti ojú wá ńkọ́? Iṣan tó ń gbé ìríran lọ sẹ́yìn, apá kan lára ọpọlọ ni. Awọ tó bo ọpọlọ ló gùn títí dé ẹ̀yìn ẹyinjú láti bo òun náà, omi ọpọlọ sì wà láàárín awọ yẹn àti iṣan. Bí ìfúnpá bá gòkè nínú agbárí, omi á ya síbẹ̀, àpò tó yí iṣan ká á fẹ̀. Mìlímítà 3 sẹ́yìn ẹyinjú la ti ń wọ̀n ọ́n, torí ibẹ̀ ló ti máa ń fẹ̀ jù. Lábẹ́ mìlímítà 5, ọkàn wa máa ń balẹ̀ díẹ̀. Tó bá ti ń sún mọ́ 6, a ó tún un yẹ̀ wò, a ó wo ọmọlójú, a lè ní kí wọ́n tún CT ṣe.

Aláròyé_Kan

"Ọkàn wa máa ń balẹ̀ díẹ̀." Ẹ gbọ́ o! Díẹ̀ ńkọ́? 5 yẹn, ṣé ìfúnpá 15 ni àbí 25? Ẹni tó ki wáyà bọ orí rí nọ́ńbà. Ẹ̀yin rí òjìji. Láti 1962 tí Latunde Odeku ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ n'Ibàdàn, ó yẹ ká ti kúrò nídìí "díẹ̀, díẹ̀".

Ayàwòrán_Inú

Aláròyé, ìbéèrè gidi lo bi, àmọ́ o ti gba ibi tí kò yẹ wọ̀ ọ́. Kò sẹ́ni tó ń fi àpò iṣan ojú ka ìfúnpá bí ẹní ń ka aago. Ohun tó ń sọ ni pé ó ga tàbí kò ga, àti ní pàtàkì, ó ń lọ sókè tàbí ó ń bọ̀ nílẹ̀. Ìwádìí oríṣiríṣi ló fi ààlà sí oríṣiríṣi ibi láàárín mìlímítà 5 sí 6. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń ka ẹ̀ẹ̀kan sí nǹkan. Ti àárọ̀, ti ọ̀sán, ti ọjọ́ kejì, tá a bá tò wọ́n síra, ìgbà yẹn lọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀.

Ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ṣe é dáadáa, kó wo ọwọ́. Orí ẹ̀rọ tó tẹ́ pẹrẹsẹ là ń lò, èyí tá a fi ń wo ọrùn àti ọmú, kì í ṣe onírìbìtì tá a fi ń wo oyún. Jẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ pọ̀ débi pé ẹ̀rọ ò ní kan ìpéǹpéjú rárá, orí jẹ́ẹ̀lì ni yóò máa léfòó. Ẹni tó bá ń tẹ̀ ẹ́ mọ́jú kò mọ̀ ọ́n ṣe. A ó rí ẹyinjú bí ìyípo dúdú, lẹ́yìn rẹ̀ iṣan náà á sọ̀ kalẹ̀ bí okùn dúdú láàárín ọ̀rá funfun. A ó fa ìlà sísàlẹ̀ ní mìlímítà 3, a ó wá fa èyí tó dábùú rẹ̀. Ojú méjèèjì, ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lójú kọ̀ọ̀kan. Láàárín "ó dáa" àti "kò dáa", kò tó mìlímítà kan, nítorí náà ọwọ́ tó gbọ̀n lásán lè yí èsì padà. Mo fẹ́ kó jẹ́ ẹni tó wọ̀n ọ́n lánàá náà ni yóò wọ̀n ọ́n lónìí.

Bí ẹyinjú fúnra rẹ̀ bá ti ya nínú jàǹbá náà, a kì í fọwọ́ kàn án.

Aṣọ́mọ_Fìdítì

Ẹ ṣeun gan-an. Jẹ́ẹ̀lì pọ̀ lóòótọ́, ó fẹ́ẹ̀ ṣàn wọ etí rẹ̀. Mo ti bèèrè ohun tí Nọ́ọ̀sì wa ní kí n béèrè. Wọ́n ní GCS 7, pé oògùn oorun wà níbẹ̀ o. Ọmọlójú dọ́gba. Ìtọ̀ ń jáde dáadáa. Àmọ́ ọ̀rọ̀ wáyà yẹn kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Ṣé torí a ò lówó ni wọn ò ṣe fi sí i?

Dókítà_Kékeré

Wáyà náà wọ́n, kò sì sí níbi púpọ̀ lórílẹ̀-èdè wa. Mi ò ní parọ́ fún yín. Òun ṣì lọ̀pá ìdíwọ̀n tá a fi ń díwọ̀n gbogbo àwọn yòókù. Níbi tó bá wà, tí aláìsàn sì nílò rẹ̀, kí wọ́n fi sí i. Òun náà ní ewu tirẹ̀, ó lè mú ẹ̀jẹ̀ dà, ó lè kó àrùn wọlé.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí. Wọ́n ṣe ìwádìí kan ní Bòlífíà àti Ẹ̀kúádọ̀, BEST TRIP lorúkọ rẹ̀, ó jáde ní 2012. Aláìsàn 324 tí orí wọn fara gbọgbẹ́ gidi. Wọ́n fi wáyà sórí àwọn kan, wọ́n sì ń tọ́jú wọn kí ìfúnpá má bàa kọjá 20. Àwọn yòókù, wọ́n ń fi CT àti àyẹ̀wò ojú ara ṣọ́ wọn, lábẹ́ ìlànà tí wọ́n ti kọ sílẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ìdá 39 nínú ọgọ́rùn-ún ti kú lára àwọn oníwáyà, ìdá 41 lára àwọn tí kò ní in. Ìyàtọ̀ yẹn kò tó nǹkan tí èèyàn lè gbára lé.

Àwọn kan ka èyí tán, wọ́n ní wáyà ò wúlò. Èmi ò kà á bẹ́ẹ̀. ICU gidi ni àwọn méjèèjì wà, àwọn tó mọ iṣẹ́ ló ń ṣọ́ wọn tọ̀sán-tòru, àwọn tí kò ní wáyà ò sì ṣàìgba oògùn: ọjọ́ tí wọ́n fi gba oògùn ọpọlọ tiẹ̀ gùn ju ti àwọn oníwáyà lọ, torí kò sí nọ́ńbà tí yóò sọ fún dókítà pé ó tó. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ká máa ṣọ́ aláìsàn léraléra, ká sì ti mọ ohun tá a máa ṣe bí nǹkan bá yí, ìyẹn lọ̀rọ̀. Ẹni tó ní wáyà tí kò sẹ́ni tó ń wò ó, kí ló ní?

Aláròyé_Kan

Ó dáa, èyí yé mi. Mo ṣì di ìkùùkù mi mú.

Tóbi_Leeds

Ẹ̀gbọ́n Fìdítì, ẹ kú ìrọ́jú. Nọ́ọ̀sì ni mí ní ìlú Leeds. Ẹ sọ fún mọ̀lẹ́bí yín tó wà lókè òkun pé lọ́dọ̀ wa níbí náà, kì í ṣe gbogbo aláìsàn tí orí rẹ̀ gbọgbẹ́ la ń lu ihò sí lágbárí. Ohun tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ wa ni ìwé àyẹ̀wò. GCS yẹn, Teasdale àti Jennett ló gbé e jáde ní Glasgow ní 1974. Bá a ṣe ń lò ó báyìí: ojú lílà máàkì 4, ọ̀rọ̀ sísọ 5, bó ṣe ń gbé ara 6. Àpapọ̀ 15, kò sì sí ẹni tí yóò gba ohun tó kéré sí 3. Ìlànà ibí ni pé ká máa wò ó ní ìdajì wákàtí síra títí yóò fi pé 15. Tó bá ti pé, ìdajì wákàtí síra fún wákàtí méjì sí i, lẹ́yìn náà wákàtí kan síra fún wákàtí mẹ́rin, ká tó wá máa wò ó ní wákàtí méjì-méjì. Òru kò yọ ọ́ sílẹ̀.

Fún ọmọlójú, a ní ẹ̀rọ kékeré kan tá a ń gbé sójú, á tan iná, á ka bí ọmọlójú ṣe yára sún kì àti bó ṣe yára là padà, á sì fún wa ní nọ́ńbà láàárín 0 àti 5. Tí kò bá tó 3, mo ti ń pe dókítà. Ìwádìí tí wọ́n pè ní ORANGE, tó jáde ní 2023, fi hàn pé àwọn tí nọ́ńbà wọn ń já wálẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló ń kú jù, àwọn ló sì ń ṣòro fún jù láti padà bọ̀ sípò lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Níbi tí ẹ̀rọ yẹn ò bá sí, tọ́ọ̀ṣì náà ni. Ẹ dín iná yàrá kù kẹ́ ẹ tó tan án. Ẹ rántí pé àwọn oògùn ìrora líle máa ń sọ ọmọlójú di kíún, ìyẹn kì í ṣe ìwúlé.

Àmọ́ bí ọ̀kan bá fẹ̀ ju èkejì lọ lójijì tí kò sì dá iná lóhùn, ẹ pariwo.

Nọ́ọ̀sì_Àgbà

Tóbi, o ṣeun, ọmọ mi. Kí n fi ti mannitol kún un, torí ibẹ̀ ni mọ̀lẹ́bí ti máa ń bá wa jà.

Mannitol ń fa omi kúrò nínú ọpọlọ sínú ẹ̀jẹ̀, kídìnrín á wá tọ̀ ọ́ dànù. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ọgbọ̀n ló máa ń gbà kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó sì lè dì í mú fún wákàtí bíi mélòó kan. Kí n tó so ó rọ̀, mo máa ń gbé ìgò náà sókè kọjú sí iná. Tí ọyẹ́ bá mú, tàbí tí AC yàrá oògùn bá ti le jù, ó máa ń dì, ẹ ó rí ègé funfun wẹ́wẹ́ tó ń dán nísàlẹ̀. Mo ní láti fi sínú omi gbígbóná kó yọ́ tán, kí n jẹ́ kó tutù dé bí ara, kí n sì lo okùn dírípù tó ní asẹ́. Nígbà tí mo bá ń ṣe èyí, ẹ̀gbọ́n aláìsàn á dúró sẹ́yìn mi, á ní, "Ẹ̀ ń fi omi ṣeré, àbúrò mi ń kú lọ." Mo ti gbọ́ ọ rí, mo ṣì máa gbọ́ ọ.

Tó bá ti wọlé tán, àpò ìtọ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń wò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá wa da ìtọ̀ nù kẹ́ ẹ tó sọ fún wa bó ṣe pọ̀ tó! Ohun tí mo fi ń mọ̀ pé oògùn ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, òun náà ni mo fi ń mọ̀ pé omi ara rẹ̀ ti ń tán jù. Tí omi bá tán jù, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á já, ọpọlọ ò ní rí ẹ̀jẹ̀ tó, a tún ti bà á jẹ́ lọ́nà mìíràn. Ìdí tí wọ́n fi ń ní kẹ́ ẹ lọ sanwó àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lójoojúmọ́ nìyẹn: iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀, kídìnrín, bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ki tó. Tí kíki rẹ̀ bá ti kọjá 320, a sábà máa ń dá mannitol dúró. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ jẹ yín lówó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà níṣẹ́ o. Ọrùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ tọ́, kó má dojú kọ ẹ̀gbẹ́ kan, torí ọrùn ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà padà kúrò lórí. Ẹ má ki ìrọ̀rí ńlá sí i lẹ́yìn. Ẹ má rọ omi sí i lẹ́nu, ì báà jẹ́ omi àdúrà. Òróró náà, iwájú orí ni kẹ́ ẹ ta á sí, kó má wọ ojú rẹ̀, a ṣì fẹ́ wo ọmọlójú.

Aṣọ́mọ_Fìdítì

Haa. Èmi gan-an ló bínú sí wọn lórí omi gbígbóná yẹn. Màá lọ bẹ̀ wọ́n.

Ìbéèrè kan ṣẹ́kù. Alàgbà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní dexamethasone ni wọ́n fún ìyàwó òun nígbà tí kókó wà nínú ọpọlọ rẹ̀, pé ọjọ́ kejì ló ti ń sọ̀rọ̀. Ó ní ká lọ rà á, ká fún nọ́ọ̀sì owó kó fún un.

Dókítà_Kékeré

Rárá o. Ẹ má ṣe é.

Ìwúlé tí kókó ọpọlọ ń fà yàtọ̀ sí ti ẹni tó forí gbá títì. Ti kókó, dexamethasone máa ń fà á wálẹ̀ kíákíá, òótọ́ ni Alàgbà sọ. Ti jàǹbá, wọ́n ti dán irú oògùn bẹ́ẹ̀ wò lára aláìsàn 10,008 nínú ìwádìí CRASH tó jáde ní 2004. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ìdá 21.1 nínú ọgọ́rùn-ún kú lára àwọn tó gbà á, ìdá 17.9 lára àwọn tí kò gbà á. Oògùn náà ń pa èèyàn. Látìgbà yẹn, a kì í fún aláìsàn jàǹbá orí.

Ẹni tó bá sì ń gbà á fún kókó, kí wọ́n máa gún ìka rẹ̀ wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ní gbogbo ìgbà, torí ó máa ń gbé ṣúgà sókè. Ìyẹn náà jẹ́ ìṣọ́ láìlu ihò, bí ẹnikẹ́ni ò bá tiẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_Ìlaròó

Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ dá sí i. Ọ̀kan nínú àwọn ìbejì mi ni ibà gùn lọ́dún tó kọjá títí kò fi dá èèyàn mọ̀. Dókítà ọmọdé tó wò ó tan iná tẹ́ẹ́rẹ́ sí i lójú, ó tẹjú mọ́ inú ojú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó tún ń fún un ní máàkì lórí 5, kì í ṣe lórí 15 bí ẹ ṣe ń sọ yìí. Ara rẹ̀ ti yá, ọpẹ́ ni. Àmọ́ wọn ò fún un ní mannitol rárá, ìyẹn ló ń jẹ mí lọ́kàn látìgbà tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín.

Dókítà_Kékeré

Màmá Ìbejì, ẹ kú oríire ọmọ. Wọn ò ṣe àìdáa. Máàkì 5 yẹn, àwọn dókítà ní Blantyre, lórílẹ̀-èdè Màláwì, ló ṣètò rẹ̀ fún ọmọdé tí kò tíì lè sọ̀rọ̀ geere. Ní Blantyre kan náà, ìwádìí kan jáde ní 2015 lórí ọmọ 168 tí ibà wọ̀ wọ́n lọ́pọlọ, tí wọ́n fi MRI wò. 25 ló kú, 21 nínú wọn ni ọpọlọ rẹ̀ ti wú gan-an nígbà tí wọ́n gbé e dé. Nítorí náà ìwúlé náà ṣe pàtàkì nínú ibà. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n dán mannitol wò lára irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ní Kampala, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2007, kò yí nǹkan kan padà. Ohun tí dókítà yín ń wá nínú ojú ni ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ àti àwọ̀ funfun tí ibà máa ń fi síbẹ̀, àti bóyá orí iṣan ojú ti wú síta.

Nọ́ọ̀sì_Àgbà

Ọmọ ọwọ́ tiẹ̀ rọrùn jù wá lọ. Àwùjẹ̀ rẹ̀ ṣì rọ̀. Bó bá jókòó tí kò sunkún, tí àwùjẹ̀ náà sì le tó yọ síta, kẹ́ ẹ gbé e wá kíá. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ń gbé ẹ̀rọ síkáànì lé láti rí inú ọpọlọ rẹ̀. Ìyá wa àgbà ò lọ síléèwé nọ́ọ̀sì, ó máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ kan àwùjẹ̀ ọmọ kó tó sọ pé ká gbé e relé ìwòsàn.

Ọmọ_Ẹlẹ́rọ

Ẹ jẹ́ kí n mú tèmi wá, torí iṣẹ́ ẹ̀rọ ìwòsàn ni mò ń ṣe. Dókítà ní agbárí kì í fẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n físíìsì kan wà ní São Carlos ní Bùràsíìlì, Sérgio Mascarenhas, tó jiyàn sí i lọ́jọ́ ogbó. Omi ló kún orí òun fúnra rẹ̀, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ó bínú pé lílu ihò nìkan ni ọ̀nà tí wọ́n lè gbà mọ ìfúnpá inú orí òun. Ó mú irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń mọ nǹkan tó bá fà díẹ̀, irú èyí tí àwọn ẹ̀ńjínnìà fi ń wo afárá, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ agbárí, ó sì fi hàn pé agbárí ń fẹ̀ ó sì ń sún kì, díẹ̀ tí ojú ò lè rí, bí ọkàn ṣe ń lù. Ó kú ní 2021, àmọ́ ilé-iṣẹ́ tó tinú ẹ̀ jáde, brain4care, ṣì ń ṣe ẹ̀rọ náà. Wọ́n á so ó mọ́ orí bí ìgbàjá, á ya ìgbì tó wà nínú lílù ọkàn kan. Ṣóńṣó àkọ́kọ́ ló yẹ kó ga jù. Bí ìkejì bá ti ga ju ìkíní lọ, ààyè ti ń tán nínú agbárí nìyẹn, kódà kí ìfúnpá tó gòkè.

Ní Ṣáínà, àwọn kan ní Xi'an ń to ẹ̀rọ kéékèèké 16 yí orí ká, wọ́n ń fi iná mànàmáná díẹ̀ tí kò lè ṣeni ní nǹkan kọjá, wọ́n ń ka bí orí ṣe ń dènà rẹ̀. Omi ń jẹ́ kí iná kọjá wẹ́rẹ́. Tí mannitol bá ń fa omi jáde, ìdènà náà á máa gòkè, wọ́n sì ń rí i lójú ẹ̀rọ bí oògùn ṣe ń wọlé. Wọ́n ti gbé e jáde nínú ìwé ìwádìí ní 2014. Èmi fẹ́ràn èyí ju gbogbo rẹ̀ lọ, torí ohun tí Ẹ̀gbọ́n Fìdítì ń béèrè gan-an ló ń dáhùn: ṣé oògùn ń ṣiṣẹ́? Àmọ́ kì í ṣe ohun tí ẹ lè lọ béèrè fún ní ilé ìwòsàn lọ́la.

Ọmọ_Àjàṣẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, láti Àjàṣẹ́. Wọ́n fi nǹkan kan sí àbúrò mi obìnrin lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí, ó ń dún fùú, fùú. Sickle cell ló ní, ọpọlọ rẹ̀ ò wú. Ṣé ohun kan náà ni?

Ayàwòrán_Inú

Ẹ̀rọ kan náà, ìbéèrè yàtọ̀. Doppler ni. Rune Aaslid àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ fi í gba inú egungun ẹ̀bátí wo iṣan ẹ̀jẹ̀ ọpọlọ, ní 1982. Fún ọmọ tó ní sickle cell, bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sáré tó là ń wò: tó bá ti tó 200 sẹ̀ǹtímítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ewu rọpárọsẹ̀ ti wà nítòsí, wọ́n á bá yín sọ̀rọ̀ nípa ìtọ́jú.

Fún ọpọlọ tó wú, ohun tá a ń wò ni ìsinmi tó wà láàárín lílù ọkàn méjì. Tí ìfúnpá inú orí bá ga, ẹ̀jẹ̀ á ṣì ya wọlé nígbà tí ọkàn bá lù, àmọ́ tí ọkàn bá sinmi, ó lè má ṣàn mọ́. Ìdún yẹn gan-an á yí padà, á di gbọ̀ǹ-gbọ̀ǹ tó ń já. Wàhálà ibẹ̀ ni pé egungun ẹ̀bátí àwọn kan ki jù, ẹ̀rọ ò ní rí nǹkan kan, ó sì wọ́pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú àti àwọn ìyá àgbà. Tí wọ́n bá sọ pé "a ò rí i", kì í ṣe pé iṣan ò sí.

Aṣọ́mọ_Fìdítì

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìròyìn wà. Wọ́n ti ń dín oògùn oorun kù. Dókítà ọjọ́ kìíní náà ló padà wá wọ̀n ọ́n, mo dúró tì í, ó fi hàn mí: 5.9 lọ́jọ́ kìíní, ó ti di 5.4. Ó ní kò tíì lọ sílẹ̀ tó bí òun ṣe fẹ́, àmọ́ ó ń bọ̀. Ó ń la ojú tí wọ́n bá pè é. Ṣé kò yẹ kó ti yára jù báyìí?

Dókítà_Kékeré

Àpò náà máa ń yára fẹ̀, àmọ́ tó bá ti fẹ̀ jù fún ìgbà pípẹ́, kì í yára padà. Nítorí náà 5.4 lára ẹni tó ń la ojú yàtọ̀ sí 5.4 lára ẹni tí kò dáhùn. Tí oògùn oorun bá ti kúrò tán, GCS rẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbójú lé jù.

Nọ́ọ̀sì_Àgbà

Ọpẹ́ ni! Tí wọ́n bá gbé e lọ sí wọ́ọ̀dù lásán, nọ́ọ̀sì ibẹ̀ kì í pọ̀, ẹ̀yin lẹ máa ṣọ́ ọ. Bó bá tún ń sùn ju bó ṣe ń sùn lọ, bó bá ń bì, bí orí fífọ́ bá ń le sí i, bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí dàrú, ẹ pè wọ́n lójú ẹsẹ̀. Ẹ má dúró de ìgbà tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ń gòkè tí ọkàn rẹ̀ sì ń lù lọ́ra, ìyẹn ti pẹ́ jù.

Aláròyé_Kan

Fìdítì, mo bá yín yọ̀ o. Ayàwòrán, ẹ̀rọ tó tẹ́ pẹrẹsẹ tó o ní ẹ fi ń wo ọrùn, ṣé ó nílò kí wọ́n ra ẹ̀rọ tuntun?

Ayàwòrán_Inú

Rárá. Ibi tí wọ́n bá ti ń wo ọmú àti ọrùn, ó ti wà níbẹ̀. Kí wọ́n kàn dín agbára rẹ̀ kù sí èyí tí wọ́n ń lò fún ojú, kí wọ́n sì wá ẹni tí yóò kọ́ àwọn dókítà ICU.

Aláròyé_Kan

Ìyàwó mi ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ilé ìwòsàn ìjọba kan. Mo ti fi gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí i. Ó ní ẹ̀rọ ọmú wà lọ́dọ̀ àwọn, pé kọ́kọ́rọ́ yàrá rẹ̀ ni kì í sí lálẹ́.